Ẹṣin tí Kọ̀ǹpútà Wa Kò Tètè Rí

Ooru ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìkùukùu dúdú ti kóra jọ sí apá ọ̀sà, ó wúwo, ó dúró sójú kan, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò fẹ́ rárá. Igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ṣàngótẹ̀dó kò mi ewé kan. Aṣọ tí mo sá láti àná ṣì tutù lórí okùn, ó sì ti ń rùn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní agbègbè yìí á mọ̀ pé òjò ń bọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá àárọ̀ ló máa rọ̀ tàbí ọ̀sán. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi etí ìró mi nu ọrùn, mo sì ń wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ìránṣọ mi.

Sùtánà ni mo ń rán, aṣọ funfun tí àwa ará ìjọ wa máa ń wọ̀ lọ sílé àdúrà. Kò sí ìgbà tí àṣẹ́kù sátìnì kì í sí nílé mi. Nígbà tá a ra kọ̀ǹpútà náà, mo rán àpò fún un, mo fi fóòmù tín-ín-rín sí i nínú kó má baà gbá nǹkan. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo tún fi sátìnì mìíràn wé àpò náà lórí, bí ẹni fẹ́ gbé ọmọ tuntun jáde. Ẹlẹ́rìí la fẹ́ gbé e lọ ṣe. Wọ́n ní ọmọ ọmọ mi ṣe màgòmágó nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló sì lè bá a rojọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọbìnrin náà ń gbé láti ìgbà tó ti kúrò lẹ́nu ọmú. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ mi, ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, ìgbà ọdún ló máa ń wá. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iléèwé ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Tíṣà kan gbé pátákó rẹ̀ wá, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Èmi rò pé bí ayò ọlọ́pọ́n ni, tí àwọn ọkùnrin máa ń ta lábẹ́ igi títí oúnjẹ wọn á fi tutù. Nígbà tó yá mo rí i pé ọmọ tí kì í lè jókòó jẹun tán ń jókòó sídìí pátákó yẹn láìmira. Mo ní bí èyí bá lè mú un fara balẹ̀, kó máa ta á.

Tíṣà náà ló sọ pé bó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, àfi kó ní kọ̀ǹpútà. Ó ní ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ń pè ní ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ti mọ́tò, inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, ojú kò lè rí i. Bí èèyàn bá ta ayò tán, á tò ó síwájú rẹ̀ bó ṣe ta á, ẹ́ńjìnnì á sì fi ibi tó ti ṣe àṣìṣe hàn án. Mo ní tíṣà tí kì í bínú, tí kì í sì í gba ẹ̀bùn ọdún nìyẹn. La bá gba Ajah lọ, sọ́dọ̀ Alfa kan tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù nítòsí mọ́ṣáláṣí, tó tún ń tún wọn ṣe.

Alfa gbé kọ̀ǹpútà méjì ka orí tábìlì. Ọ̀kan ti gbó lára, ìkejì ṣì ń dán. Ó ní kí n má wo ara wọn, kí n wo ọpọlọ. Pùrósẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pe ọpọlọ náà. Ó ní ti èyí tó gbó jẹ́ ìran kẹta, òṣìṣẹ́ méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ti èyí tó ń dán jẹ́ ìran kejìlá, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ wọn sì yá ju ti àwọn méjì yẹn lọ. Ó ti fi ẹ́ńjìnnì ṣẹ́ẹ̀sì sínú àwọn méjèèjì, ó sì ní kí ọmọ mi to ayò kan náà síwájú wọn. Bó ṣe tò ó tán, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú tuntun bí omi tó ń ya láti inú páìpù. Ti àgbà, ìyẹn èyí tó gbó, ń gorí ara wọn bí ìgbà tí èmi bá ń gun àtẹ̀gùn.

Ọmọ mi bi í pé ṣé ohun kan náà kọ́ ni wọ́n máa sọ nígbẹ̀yìn.

Alfa ní, "Ohun kan náà ni, bó o bá lè dúró de àgbà. Tuntun á ti débi tó ń lọ, àgbà ṣì ń wá bàtà."

Ìyẹn yé mi yékéyéké. Bí ọjọ́ ìkórè bá ń bọ̀, tí gbogbo ìjọ ń béèrè sùtánà tuntun, ṣọ́ọ̀bù tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì kò lè bá èyí tó ní mẹ́jọ parí pọ̀. Aṣọ kan náà ni, bátànì kan náà, òwú kan náà. Ọwọ́ ló pọ̀ ju ọwọ́.

Agbára wa kò ká tuntun, àgbà la gbé lọ sílé. Kí Alfa tó gbé e fún wa, ó ní àrùn kan wà lára rẹ̀: bí a bá pa ìdérí rẹ̀ dé, ó máa ń sùn, bó bá sì ti sùn báyẹn, jíjí rẹ̀ á di wàhálà. Nítorí náà òun ti ṣètò rẹ̀ pé kó má sùn mọ́ bí a bá pa á dé. Mo ní kò burú, oorun àwa àgbà kì í kúkú pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ sí, n kò gbé e délé.

Nígbà tí wọ́n dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé láti Lẹ́kkí títí kọjá Ajah, wọ́n ní orí kọ̀ǹpútà ni kí kálukú ti ta á, nílé rẹ̀. Àwọn tó bá yege ni wọ́n máa kó jọ di ẹgbẹ́ kan, àwọn àgbà nínú ayò náà á máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì máa mú wọn lọ ta á ní àwọn ìlú mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí ni ọmọ mi fi ń sùn, òun ló fi ń jí. Ó ta á títí ó fi ku ayò kan ṣoṣo kó wọlé. Ọmọkùnrin kan láti VGC, ọgbà àwọn olówó, ni wọ́n ní kó bá ta ìyẹn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọnú yàrá nílé wa. Ojú wíndò ilé ìdáná nìkan lèèyàn ti ń rí i, ibẹ̀ náà gan-an, àfi béèyàn bá na ọwọ́ síta díẹ̀. Fóònù mi sì ni kọ̀ǹpútà ń gba dátà lára rẹ̀. Ọmọ á jókòó sídìí tábìlì nínú yàrá, èmi á dúró lójú wíndò ilé ìdáná tó ṣí sí yàrá, màá na fóònù sí ọ̀nà ilé aládùúgbò wa bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ. Bí ọwọ́ kan bá rọ, màá gbà á sí ìkejì. Àwọn aládùúgbò ti mọ̀. Bí wọ́n bá ti rí ọwọ́ mi níta, wọ́n á ní ọmọ ń ta ayò nìyẹn.

Lọ́jọ́ ayò ọmọ VGC, mo dúró títí orúnkún mi fi ń dùn mí. Mo kọ ẹ̀yìn sí ọmọ, èémí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà kan ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹ nǹkan. Ó ṣe díẹ̀, ó ní òun ti borí. Mo bi í kí ló ṣe. Ó ní òun fi ẹṣin, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ayò òun, tọrẹ ni. Ọmọkùnrin náà pa á, bó sì ṣe pa á ló ṣí ojú ọ̀nà ọba ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ó dáa, kó wá bá mi bó ẹ̀wà.

Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀. Orí fóònù mi ni àwọn tó ṣètò ìdíje fi ránṣẹ́ sí, ọmọ ló sì kà á fún mi. Wọ́n ní àwọn òbí ọmọkùnrin náà fẹjọ́ sùn pé ọmọ tí kò ju báyìí lọ kò lè dá ẹṣin yẹn rò, pé ẹ́ńjìnnì ló sọ fún un. Àwọn tó ṣètò ìdíje náà ní àwọn ti fi ayò náà han ẹ́ńjìnnì tiwọn, ẹṣin yẹn gan-an ló sì mú. Wọ́n ti dá orúkọ ọmọ mi dúró. Kí òun àti alágbàtọ́ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà tó fi ta ayò náà wá sí ọ́fíìsì wọn ní Lẹ́kkí Phase 1. Bí kò bá lè wẹ ara rẹ̀ mọ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sì ní bá wọn ta ayò mọ́ láé.

Ọmọ náà kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè ṣe. Ó kàn sọ pé, "Ìyá àgbà, ẹ kúkú wà níbẹ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ni mo kọ sí i.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n pè wá, a lọ bá Alfa. Ó kírun tán, ó jókòó, ó gbọ́ wa látòkèdélẹ̀. Ó ní, "Ìyá Onísùtánà, ẹ fọkàn balẹ̀. Àgbà yín yìí kò lè rí ẹṣin yẹn láàárín ìgbà tí ọmọ fi rò ó. Ẹ ní kí wọ́n gbé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wo àwọn méjèèjì."

A délé nírọ̀lẹ́, ọmọ to ayò náà síwájú kọ̀ǹpútà wa, ó dá a dúró síbi tó ti fi ẹṣin tọrẹ, ó ní kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ọfà kékeré aláwọ̀ búlúù kan wà tí ẹ́ńjìnnì fi máa ń nawọ́ sí ohun tó bá mú. Ó na ọfà náà sí ọmọ ogun kan, ìyẹn àwọn wẹ́wẹ́ tó wà níwájú. A jẹun, a fọ abọ́, ọmọ ogun yẹn náà ló ṣì nawọ́ sí. Kò tilẹ̀ bojú wo ẹṣin. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ̀sùn náà ti dé. Ó nawọ́ kó pa á, mo ní rárá.

"Má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe wà yìí ni kí wọ́n bá a."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ohun tó bá ti di ohun ẹjọ́, a kì í tún un ṣe, a kì í ṣí i nípò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ewúrẹ́ bá jẹ oko olóko, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣa ewé tó já nílẹ̀ títí àwọn àgbà á fi wá fojú ara wọn rí i. Nítorí náà mo pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé pẹ̀lú ọfà tó wà lórí ọmọ ogun, mo fi í sínú àpò, mo jẹ́ kí okùn ṣájà wà lára rẹ̀. Iná kò lọ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré, la wọ̀ láàárọ̀. Mo gbé àpò náà lé itan. Kò pẹ́ tó fi ń gbóná mọ́ mi lára, ooru ọjọ́ náà ni mo kà á sí. Ọkùnrin tó jókòó tì mí sún kúrò díẹ̀, ó ní, "Màmá, mọ́ínmọ́ín lẹ gbé ni?" Mo ní ẹlẹ́rìí ni. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ mi ń wo ìta. A kọjá ẹnu ọ̀nà VGC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbé irin sókè fún mọ́tò kan, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ fún èkejì. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé bí wọ́n bá béèrè bóyá mo rí òun nígbà tóun ń ta á, kí ni màá sọ. Mo ní ohun tí mo bá mọ̀ ni màá sọ. Ó mi orí, ó tún kọjú síta. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. N kò sì ní òmíràn.

Ọ́fíìsì náà tutù bí inú fíríìjì. Ọ̀gá ìdíje náà kò tíì dàgbà púpọ̀, ó rọra tẹ̀ kí mi, ó fa àga fún mi. Ìyá ọmọkùnrin náà ti wà níbẹ̀, obìnrin tó mọ́ra, tó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, àmọ́ kò wo ojú ọmọ mi.

Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ń ta ayò náà?"

Mo ní mo wà níbẹ̀.

"Ẹ rí ohun tó ń ṣe?"

Ọmọ mi gbé ojú sókè.

Mo ní, "Mò ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Èmi ni mo di fóònù mú lójú wíndò kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà lọ."

Ìyá ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Àgbà tí kì í purọ́ ṣọ̀wọ́n." Ohùn rẹ̀ dára, àmọ́ mo mọ ibi tó fi ọ̀rọ̀ náà lé.

Ọ̀gá ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ọmọ mi sọ̀rọ̀ sí mi létí pé ìran kejìlá ni, bíi tuntun tá a rí lọ́dọ̀ Alfa. Ó to ayò náà sí i. N kò tíì jókòó dáadáa tí ọfà fi bọ́ sórí ẹṣin. Ó ní ó dáa, ká wá wo tiwa. Ọmọ tú sátìnì, ó fa àpò ṣí. Ọ̀gá fi mí ṣeré pé ṣé ìyàwó ni mo wé báyìí. Ọmọ ṣí ìdérí.

Ẹṣin ló wà níbẹ̀.

Mo tún un wò. Ọfà búlúù ti kúrò lórí ọmọ ogun tá a fi í sí. Orí ẹṣin ló wà, ó dúró síbẹ̀ gbọingbọin. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń hu.

Ìyá ọmọkùnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Ó ní, "Ọ̀gá, kí la tún ń wá?"

Ọmọ mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, ọmọ ogun ni. Ẹ̀yin náà rí i."

Mo ní mo rí i. Àmọ́ ohùn mi kò ní egungun. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìgbà tó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, tó tẹ nǹkan. Mo ní lọ́kàn mi, kí ló tẹ̀? Bí kọ̀ǹpútà yìí bá lè rí ẹṣin, ó lè sọ fún un. Èmi tí mo tọ́ ọ, mo jókòó sínú òtútù yẹn, mo ń ro ọmọ mi bí ẹni ń ro àjèjì. Ó sì rí i lójú mi. Ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi.

Ọ̀gá na ọwọ́ kó sún kọ̀ǹpútà wa mọ́ra, ó sì yára fa ọwọ́ padà.

"Màmá, kí ló mú un gbóná tó báyìí? Ìgbà wo lẹ ti pa á kẹ́yìn?"

"A ò pa á."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ohun ẹjọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Ó sún ojú mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó ń wo nọ́ńbà wẹ́wẹ́ kan tó ń ka àkókò ní igun ìsàlẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Ó ní kọ̀ǹpútà yìí kò dákẹ́ rárá. Bí mo ṣe pa á dé, ó ń rò ó. Nínú àpò, ó ń rò ó. Lórí itan mi nínú ọkọ̀, ó ń rò ó. Òru mọ́jú ló fi wá ẹṣin yẹn kó tó rí i.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Alfa tí mo fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé mi bọ̀. Ó ti ṣètò rẹ̀ kó má sùn. Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe jẹ́.

Ìyá ọmọkùnrin náà ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ kí wọ́n tún un ṣe lójú òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, èmi náà ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá pa kọ̀ǹpútà wa. Ó ní kó kọ́kọ́ tutù ná. Nígbà tó tàn án padà, ó pẹ́ kó tó jí, bó ṣe máa ń pẹ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà, ó to ayò sí àwọn méjèèjì, ó sì tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ọ̀tún lórí ọ̀kan, ọwọ́ òsì lórí ìkejì.

Tirẹ̀ mú ẹṣin kíá. Tiwa mú ọmọ ogun.

A dúró. Ọ̀gá fi hàn wá nínú àkọsílẹ̀ ìdíje náà bí ọmọ mi ṣe pẹ́ tó kó tó fi ẹṣin tọrẹ: kò ju kéèyàn fọ abọ́ méjì lọ. Ìyẹn ti kọjá, ọmọ ogun ni tiwa ṣì nawọ́ sí. Ọ̀gá ní ká máa dúró ná, kó má baà di pé a sáré. Òjò tó ti ń lérí láti àárọ̀ bọ́ sílẹ̀ lójijì, ó ń fọ́n mọ́ gíláàsì. Nígbà kan ọfà wa ṣí kúrò lórí ọmọ ogun, ọkàn mi sì ṣí pẹ̀lú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ ayò mìíràn, ló bọ́ sí, ó dúró díẹ̀, ó tún padà sórí ọmọ ogun. Mo ti di etí àga mú láìmọ̀. Tíì tí wọ́n gbé fún mi tutù sínú ife. Ọmọ ogun, ọmọ ogun.

Ọ̀gá wá ní ó tó. Ó ní ohun tí òun rí ni pé kọ̀ǹpútà yìí kọ́ ló sọ fún un. "Àmọ́ Màmá, kò tíì fi hàn pé kò sí nǹkan mìíràn tó sọ fún un."

Ó gbé pátákó onígi sílẹ̀, ó to ayò náà sí i, ó ní kí ọmọ mi sọ ìdí tó fi fi ẹṣin tọrẹ.

Ọmọ náà fi ìka tọ́ka. Ó ní ọba ọmọkùnrin náà kò ní ibi tó lè mí sí. Ó ní òun rò pé bó bá pa ẹṣin, ọba rẹ̀ á sá gba apá òsì, òun á sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun kò rí òpin rẹ̀, ẹ̀rù ń ba òun, àmọ́ òun kò rí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀gá wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wo ọmọ. Ó ní, "Bí ọba bá gba apá òsì, ìwọ lo máa kú. Apá ọ̀tún nìkan ni ẹṣin yẹn ti dára. Ṣé o rí apá ọ̀tún?" Ọmọ mi wo pátákó títí. Ó ní òun kò rí i.

Ọ̀gá yíjú sí obìnrin náà. Ó ní, "Ẹni tí ẹ́ńjìnnì bá sọ fún kì í ṣìnà báyìí."

Obìnrin náà wo ojú ọmọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ọmọ mi náà sọ nílé pé apá òsì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun, ló fi sá gba ọ̀tún." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣìnà ni."

Wọ́n dá orúkọ ọmọ mi padà lójú mi, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ọ̀gá ní láti ìsinsìnyí lọ, ọ́fíìsì ni kó ti máa ta ayò ìdíje, torí òun kò lè ṣèlérí pé ẹlòmíràn kò ní fẹjọ́ sùn. Mo ní kò burú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, torí ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ti wá, ó sì lè pa á mọ́ sínú.

Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tá a wọkọ̀ padà. A ti ń sún mọ́ Ajah kí ọmọ mi tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ rò pé mo ṣe é."

Mo ní, "Fún ìgbà díẹ̀."

"Kì í ṣe díẹ̀."

Mo ní, "Kì í ṣe díẹ̀ lóòótọ́. Má bínú."

Ó gbé àpò kọ̀ǹpútà kúrò lórí itan mi, ó gbé e lé tirẹ̀, ó fi ọwọ́ kan sátìnì náà. Ó ní, "Ó ti tutù." Lẹ́yìn náà ó gbé orí lé mi léjìká, ó sùn títí a fi dé Ṣàngótẹ̀dó.

Lọ́jọ́ kejì oòrùn yọ, àdúgbò kún fún ẹrẹ̀. Bí ọmọ ṣe lọ sí iléèwé, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ Alfa, mo ní kó ṣí i, ó gbóná jù lánàá. Ó tú àwọn síkúrù wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì fi bọ́rọ́ọ̀ṣì fa okùn funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ jáde lára fáànù inú rẹ̀. Òwú sùtánà ni. Orí tábìlì ìránṣọ mi ló ti ń fà á símú láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní kó fi ọpọlọ náà hàn mí. Ó nu nǹkan bí ọ̀dà gbígbẹ kúrò lójú rẹ̀, ó ní òun nìyí. Kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Mo bi í pé àwọn òṣìṣẹ́ méjì náà ńkọ́. Ó ní inú ibẹ̀ ni wọ́n wà. Mo wò ó dáadáa, mo ní kó bò wọ́n padà.

Mo délé, mo gbé sítóòfù kúrò lójú wíndò ilé ìdáná, mo sì fa tábìlì kékeré kan lọ síbẹ̀, jìnnà sí òwú, kí ọmọ lè máa kọ́ ayò níbẹ̀. Mo fi àṣẹ́kù sátìnì so fóònù mọ́ irin ojú wíndò, mo so ó títí ó fi dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà mo gbé àga mi, mo kọ ojú rẹ̀ sí tábìlì náà, mo jókòó, mo ń dúró de ọmọ kó ti iléèwé dé.